Ohun kan lójúmọ́: bí tọkọtaya ṣe lè fi mọ́tò rìn láti Èkó dé Grand-Popo láì jà

Ìgbà àkọ́kọ́ témi àtọkọ mi lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré la ní, a sì fẹ́ rí Kútọnu, Ouidah, Ganvié tó wà lórí omi, ká tún kan Lomé ní Togo lẹ́sẹ̀. Tó fi máa di ọjọ́ kẹta, inú táksí la ti ń jà, ìjà ọ̀hún sì jẹ́ lórí ta ló gbàgbé ṣájà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe ṣájà ló ń bí ẹnikẹ́ni nínú o, ó ti rẹ̀ wá ni, ebi ń pa wá, oòrùn ti nà wá, gbogbo ibi tá a sì lọ yẹn, ojú fèrèsé mọ́tò la ti rí i. Nígbà tá a máa tún lọ, ọkọ mi ló dá a lábàá pé ohun kan péré la ó máa ṣe lóòjọ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ bọ́dà, bọ́dà nìkan ni, tó bá jẹ́ ọjọ́ òkun, òkun nìkan. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àmọ́ ìrìn àjò yẹn ló dùn jù nínú gbogbo ibi tá a ti jọ lọ látìgbà tá a ti fẹ́ra, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ọjọ́ mẹ́jọ, láti Èkó dé Grand-Popo, ìlú kékeré kan létí òkun Bẹ̀nẹ̀. Ẹ lè dín in kù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa dín in, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé ni kẹ́ ẹ dín, ẹ má há ibi mẹ́ta mọ́ inú ọjọ́ kan.

Ẹ kọ́kọ́ mú oṣù

Láti ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni òjò kì í yọ èèyàn lẹ́nu létí òkun yẹn. Oṣù karùn-ún sí oṣù keje, òjò á máa rọ̀ bíi ti Èkó gẹ́lẹ́, torí etí òkun kan náà ni. Oṣù kẹjọ máa ń rọjú díẹ̀, òjò á dáwọ́ dúró, atẹ́gùn á tutù, ó sì máa ń rọrùn láti rí yàrá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má lọ sí Ouidah ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣọdún Vodun, ìyẹn ọdún òrìṣà wọn, èrò á kún, hòtẹ́ẹ̀lì á gbówó lórí. Tó bá sì jẹ́ pé ọdún yẹn gan-an lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ gba yàrá sílẹ̀ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ sì gbà lọ́kàn yín pé ìyẹn kì í ṣe ìsinmi, ọdún lẹ lọ ṣe.

Ìwé

Ọmọ ECOWAS ni wá, a ò nílò fìsà, ọjọ́ 90 lèèyàn lè lò níbẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù yín kó má tíì kú, kẹ́ ẹ sì mú káàdì yẹ́lò, ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, dání, ojúlówó, èyí tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ fún lóòótọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn gba ọjọ́ 10 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la. Tó bá jẹ́ mọ́tò ara yín lẹ máa wà, gbogbo ìwé mọ́tò, láísẹ́ǹsì, àti ínṣọ́ránsì ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card, ẹ mú wọn dání, bọ́dà náà sì ni wọ́n á ti gba ìwé tí mọ́tò fi máa wọlé. Àwa ò wa mọ́tò lọ. Ọkọ mi ní tóun bá wa mọ́tò kọjá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró láàárín Àgbádárìgì sí Sèmẹ̀, òun ò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé yín sórí fóònù ẹni kìíní kejì. Tí bàgì kan bá sọnù, ẹnì kan ṣì ní i.

Owó, ibi tí wọ́n ti rẹ́ wa jẹ

Sefà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa sefà ni pé kì í fò sókè sódò bíi náírà wa, wọ́n so ó mọ́ owó euro ni, euro 1 jẹ́ sefà 655.957, kì í yí padà. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó yẹ kí wọ́n ṣẹ́ owó fún yín, ẹ wo iye tí wọ́n ń ta euro ní náírà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ pín in sí 656. Ká ní náírà 1,640 ni euro kan, á jẹ́ pé náírà méjì ààbọ̀ ni sefà kan. Onísẹ́ńjì máa jẹ díẹ̀ lórí ẹ̀, ìyẹn ò burú, òun náà fẹ́ jẹun, àmọ́ ẹ ti mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ní bọ́dà, ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó ka sefà fún wa, ó kà á lójú wa, ọwọ́ ẹ̀ ń yá bíi ti akáwó báńkì, ó pé. Ìgbà tá a dé hòtẹ́ẹ̀lì ni mo tún un kà tí mo rí i pé ó dín ní sefà 10,000. Ohun tó ṣe ni pé ó ká bébà ẹgbẹ̀rún márùn-ún méjì sí méjì sáàárín ìyókù, tó bá ń fi àtàńpàkò ṣí i, orí àti ìdí bébà kan á di bébà méjì lójú ẹni tó ń wò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò pọ̀: ẹ gba owó náà sọ́wọ́ ara yín, ẹ tẹ́ ẹ ní bébà kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á, ẹ má sì jẹ́ kó tún padà sọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kà á tán, kódà tó bá ní òun fẹ́ fi owó kan kún un. Bébà 500 àti 1,000 ni kẹ́ ẹ tọrọ púpọ̀, pẹ̀lú owó onírin, torí ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tó ń ta nǹkan kì í ní ṣẹ́ńjì. Tẹ́ ẹ bá na bébà 10,000 sí ẹni tó ń ta àkàrà láàárọ̀, bó ṣe máa wò yín, ẹ ò ní gbàgbé.

Ẹ tún pín owó náà sí méjì, ìyàwó mú ìdajì, ọkọ mú ìdajì. Àwa fi owó oúnjẹ sínú pọ́ọ̀sì kan lọ́tọ̀, ẹni tó bá mú pọ́ọ̀sì yẹn lọ́jọ́ yẹn ló máa yan ibi tá a ti máa jẹun, ẹnì kejì ò gbọdọ̀ bá a jiyàn. Ó dà bí eré, àmọ́ ó pa ìjà ìdajì.

Ọjọ́ kìíní: Àgbádárìgì ni kẹ́ ẹ sùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fẹ́ ti Èkó dé Kútọnu lọ́jọ́ kan, ọ̀nà náà ò sì jìn, kò ju nǹkan bí kìlómítà 120 lọ. Àmọ́ ta ni kò mọ ọ̀nà Mile 2, Ọ̀jọ́, Ọkọ́kọmáikò sí Agbára? Èèyàn lè lo wákàtí mẹ́rin kó má tíì rí Àgbádárìgì. Ẹ gbéra ní aago márùn-ún ìdájí, tẹ́ ẹ bá sì ti dé Àgbádárìgì, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ gba yàrá, ẹ sùn, nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀ kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú. Erékùṣù yẹn, ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, orí iyanrìn lẹ máa fẹsẹ̀ rìn gba àárín ẹ̀ kọjá, ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ wọ ọkọ̀ òkun. Wọ́n á fi kàǹga kan hàn yín lójú ọ̀nà, wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi ẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ fi kàǹga yẹn sọ́kàn, a máa tún pàdé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní Ouidah.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti ọdún 1845, wà nínú ìlú níbẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá ti lọ wò ó nígbà tẹ́ ẹ wà nílé ìwé, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ra àgbọn, ẹ lọ sùn.

Ọjọ́ kejì: bọ́dà, bọ́dà nìkan

Ẹ dé Sèmẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, kí oòrùn àti èrò tó pọ̀. Ẹ lọ tẹ òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù lápá Nàìjíríà, ẹ kọjá, kẹ́ ẹ sì lọ tẹ òǹtẹ̀ lápá Bẹ̀nẹ̀ náà, méjèèjì. Àwọn ọmọkùnrin kan á sáré tọ̀ yín wá pé àwọn máa bá yín mú ìwé lọ sínú, ẹ ò ní dúró rárá. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní pásípọ́ọ̀tù yín àfi òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ẹ wọṣọ gidi, ẹ kí èèyàn dáadáa, ẹ má ṣe kánjú, ẹ má gbé fóònù sókè bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ san owó kan, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè rìsíìtì, lẹ́yìn náà ẹ kàn dúró síbẹ̀. Ẹni tí kò bá kánjú, wọn kì í lè gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má ní nǹkan míì láti ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Lápá ọ̀hún, àwọn táksí wà tó ń kó èèyàn lọ sí Kútọnu. Àṣírí kan rèé: ẹ sanwó àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀yìn. Ẹ̀yin méjì, bàgì yín nìkẹta. Owó tó fi lé lórí ẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ ẹ ò ní fún ara yín mọ́ra bí ẹja inú agolo nínú ooru yẹn. Ẹ rí i pé ẹ ti jọ fẹnu kò lórí iye kí bàgì tó wọ búùtù.

Ní Kútọnu, ẹ máa rí àwọn ọ̀kadà tí wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò, zémíjáǹ ni wọ́n ń pè wọ́n, ìtumọ̀ ẹ̀ ní èdè Fọ̀n ni pé kí wọ́n tètè gbé èèyàn lọ. Ẹ kọ́kọ́ dá iye, kẹ́ ẹ tó gun un. Ẹ béèrè akoto, tí kò bá ní méjì, ẹ pe ẹlòmíràn. Ẹ gba sím MTN tàbí Moov, wọ́n máa fi ìwé yín forúkọ sílẹ̀.

Èdè ńkọ́? Faransé ni wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́, Fọ̀n lọ́jà, àmọ́ Yorùbá pọ̀ ní Kútọnu ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ní ọjà Dantokpa, ẹ kàn sọ Yorùbá sókè díẹ̀, ẹnì kan máa yíjú padà. “Bonjour” ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣí ẹnu níbi gbogbo, kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun, torí bó ṣe rí nílé wa náà ló rí níbẹ̀, ẹni tí kò kíni, kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni?

Ère obìnrin jagunjagun Dàhọ̀mì kan wà láàárín ìlú, ó ga ní mítà 30, ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i. Ọmọ Ẹ̀gbá lọkọ mi, ó ní òun ò lè ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wá gbógun ti Abẹ́òkúta lọ́dún 1851. Fọ́tò márùn-ún ló yà. Lálẹ́, ẹ lọ jẹ ẹja yíyan ní etí òkun Fidjrossè, kẹ́ ẹ sì padà lọ sùn.

Ọjọ́ kẹta: Ouidah

Kò jìn, bíi kìlómítà 40 sí Kútọnu. Ọ̀nà méjì ló wà: títì ńlá tó gba ibi ìsanwó ojú ọ̀nà Ahozon kọjá, àti ọ̀nà etí òkun tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, òkun lápá òsì, igi àgbọn lápá ọ̀tún, abúlé apẹja lójú ọ̀nà. Ẹ bi dẹ́rẹ́bà bóyá ọ̀nà etí òkun yẹn dáa lásìkò tẹ́ ẹ bá lọ. Tó bá dáa, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ ní kó rọra máa wà á.

Ní Ouidah, ẹ gba amọ̀nà, ẹ rin ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú rìn lọ sí etí òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Ẹ rìn ín láàárọ̀, kẹ́ ẹ mú omi dání. Lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n á sọ ìtàn igi ìgbàgbé fún yín, pé ọkùnrin máa ń yí i ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó. Omi ni ti Àgbádárìgì, igi ni ti ibí, ìtàn kan náà. Ká ní ńṣe la sáré gba Ouidah kọjá bíi ti ìgbà àkọ́kọ́, a ò bá tí so méjèèjì pọ̀. Nígbà tá a dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tó dojú kọ òkun, a jókòó sórí iyanrìn fún bíi wákàtí kan, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má fi irú ibẹ̀ há àárín nǹkan míì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ara bá fẹ́ fúyẹ́, ilé òrìṣà erè wà nínú ìlú, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá, wọ́n á gbé erè kọ́ yín lọ́rùn tẹ́ ẹ bá fẹ́. Èmi ò fẹ́.

Ẹ má ya fọ́tò ojúbọ tàbí àwọn tó wọ aṣọ òrìṣà láì béèrè.

Ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà: Grand-Popo, ibi tá a tìtorí ẹ̀ jáde nílé

Ẹ gba táksí láàárọ̀, kò lè tó wákàtí méjì kẹ́ ẹ fi dé. Ìlú kékeré ni, iwájú ibi tí odò Mónò ti ń wọ òkun, ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́nà ìwọ̀ oòrùn ni bọ́dà Togo. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìdí gan-an tá a fi lọ nìyẹn. Ẹ gba yàrá tó kọjú sí òkun, kẹ́ ẹ lọ wo yàrá náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tan fáànù, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bóyá ó ti ya. A gba èyí tí kò ní ẹ́sì, atẹ́gùn òkun tó wa, owó tá a ìbá fi san ti ẹ́sì la fi jẹ ẹja.

Ẹ jọ̀ọ́, òkun yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ó rẹwà. Ìgbì ibẹ̀ máa ń wó lulẹ̀ sí ẹ̀bá èbúté gan-an, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ á sì já wálẹ̀ lójijì, omi tó ń padà á gbá iyanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, á máa fà á wọlé. Ẹni tó mọ odò lúwẹ̀ẹ́ dáadáa ni omi yẹn ń gbé lọ, torí òun ló ń gbójú lé ara ẹ̀. Kí omi má kọjá orúnkún yín. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ tó fa èèyàn, kó má bá omi jà láti padà sí èbúté lọ́gán, kó léfòó, kó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, lọ́nà tó bá etí òkun dọ́gba, títí tí omi á fi jọ̀wọ́ ẹ̀, kó tó wá yíjú sí ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ gidi, ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́.

Kí lẹ máa wá ṣe fún odindi ọjọ́ mẹ́ta? Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ sùn lábẹ́ igi àgbọn. (Ẹ kọ́kọ́ wòkè, ẹ wo bóyá àgbọn wà lórí igi náà.) Ọjọ́ kejì, ẹ lọ fa àwọ̀n. Mo máa sọ èyí dáadáa.

Ní bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, àwọn apẹja ti gbé àwọ̀n lọ sínú òkun, okùn ẹ̀ méjèèjì á wà lórí ilẹ̀, ọwọ́ kan níbí, ọwọ́ kejì níbi tó jìnnà bí ọgọ́rùn-ún méjì ìṣísẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn á tò sórí okùn, ẹnì kan á máa lé orin, wọ́n á máa fà. Ẹni tó bá dé ìparí okùn lẹ́yìn á sáré padà sí iwájú létí omi lọ dì í mú. Ọkọ mi bọ́ bàtà, ó bọ́ sáàárín wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un láyè. Wákàtí méjì! Okùn náà le, iyọ̀ wà lára ẹ̀, ó bó o lọ́wọ́. Nígbà tí àpò àwọ̀n máa yọ, ariwo ta, ẹja kéékèèké tó ń tàn bí ike ló pọ̀ jù, akàn, ọ̀kan nínú ẹja pẹlẹbẹ tó ń lu ìrù mọ́lẹ̀. Ìyá kan tó ń ṣa ẹja sínú abọ́, mo kí i lédè Faransé tí mo kọ́ lórí fóònù, ó wò mí.

“Èkó lẹ ti wá, àbí?”

“Háà, Màámi! Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Bó o ṣe ń fi ọwọ́ tẹ ẹja wò kó o tó béèrè iye yẹn.”

Ó ní Àjégúnlẹ̀ lòun gbé kóun tó padà wálé. Ó fún ọkọ mi ní ẹja mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ torí ó fa okùn, ó wá ta mẹ́rin fún mi lówó tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá, ó ní ká tẹ̀ lé òun wálé, òun á sè é fún wa.

Pirọ́n ló sè. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe é, torí ẹ lè ṣe é nílé. Ó se ẹja pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀, ó yọ ẹja náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ́ kí omi ẹja yẹn ṣì máa hó lórí iná, ó wá ń wọ́n gààrí sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi igi rò ó. Kì í ṣe bí ẹ̀bà tí omi lásán pa. Gààrí á mu gbogbo adùn ẹja yẹn, á pupa, á rọ̀, á máa dán. Ó gé àlùbọ́sà, tòmátì àti ata tútù lé e, ó bu òróró díẹ̀ sí i, ó gbé ẹja padà sórí ẹ̀. A fọwọ́ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà, lórí àpótí. Látìgbà yẹn, ẹ̀bà tí mo bá fi omi gbígbóná lásán tẹ̀, ọkọ mi á kàn wò ó, á mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ kẹta níbẹ̀, ẹ gba ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bouche du Roy, ibi tí odò Mónò ti pàdé òkun. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ mú fìlà àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, torí kò sí ibòji kankan lórí omi. Ẹ béèrè ẹ̀wù ìléfòó kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde kẹ́ ẹ fojú rí i. Ẹyẹ, igi ẹ̀gbà létí omi, abúlé lórí iyanrìn. Àwọn ìjàpá òkun máa ń wá yé ẹyin sí etí òkun àgbègbè yẹn, tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti sọgbà ká ẹyin, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Nípa oúnjẹ, kẹ́ ẹ má baà pebi mọ́ra yín

Ìdajì nínú ohun tí wọ́n ń jẹ, ẹ mọ̀ ọ́n, orúkọ ló yàtọ̀. Akassá ni ẹ̀kọ wa. Atassí ni ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, oúnjẹ àárọ̀ ni, ẹ fi ata díndín jẹ ẹ́. Krẹnkrẹ́n ni ewédú. Wagasí ni wàrà àwọn Fúlàní, wọ́n á dín in sínú ọbẹ̀, ó dáa ju ẹran tẹ́ ẹ bá rí lórí tábìlì kan náà lọ. Yovo dókó dà bíi pọ́fù-pọ́fù. Èyí tí a ò ní nílé ni amíwó: ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì àti omi adìyẹ rò, ó pupa, ó ní òróró, wọ́n á gbé adìyẹ díndín tì í. Ẹ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná, tó bá tutù kò ju ọkà lásán lọ.

Ọ̀pẹ̀yìnbó Allada, èyí tí èèpo ẹ̀ máa ń wà ní tútù tó bá ti pọ́n pàápàá, tí inú ẹ̀ funfun, ẹ má fi sílẹ̀ láé. Sodabí, ìyẹn ògógóró wọn, ẹ rọra o. Ọkọ mi mu ife kékeré méjì, ó sun oorun tí kò ní àlá. Omi inú ìgò tí wọ́n dé pa ni kẹ́ ẹ máa mu, ẹ mú oògùn ibà àti ti inú rírun láti ilé, kẹ́ ẹ wo ẹni tó ń yan ẹja bóyá ó ń yan án lójú yín tàbí ó kàn ń gbé ti àná gbóná.

Ọjọ́ keje: Àjàṣẹ́

Ẹ má tún gba ọ̀nà Kútọnu lọ tààrà sí bọ́dà. Ẹ yà sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, olú ìlú gan-an nìyẹn, ẹ sùn níbẹ̀ lálẹ́ tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tẹ́ ẹ ti ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, ẹ máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu akọ̀wé hòtẹ́ẹ̀lì, lẹ́nu oní-zémíjáǹ, lẹ́nu ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ara á tù yín. Ohun kan tẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀ ni Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Àwọn tó padà láti Brazil ló mú irú ìkọ́lé yẹn wá, ojú ẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá, ó ní ọ̀dà oríṣiríṣi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn ilé àgùdà Èkó, ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ganvié ńkọ́, ìlú orí omi? Ó dáa, àmọ́ a ò fi sínú ètò yìí, torí odindi ọjọ́ kan ló tọ́ sí i, ìyẹn á wá di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà míì.

Ọjọ́ kẹjọ: ilé

Láti Àjàṣẹ́, ọ̀nà Ìgòlò sí Ìdírókò wà fún ẹni tó ń lọ sápá Ọ̀tà tàbí Sángo, ẹni tó ń lọ sí Ọ̀jọ́ tàbí Fẹ́sítáàkì, Sèmẹ̀ ló yá fún un. Ẹ tún tẹ òǹtẹ̀ lápá méjèèjì. Ẹ má ra ẹrù tó pọ̀, ìrẹsì àti òróró tẹ́ ẹ rí tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ yẹn lè sọ yín di oníṣòwò lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ máa lò lórí ẹ̀ á gba gbogbo ìsinmi yín padà. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ padà, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ sì jẹ́ kó ku ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó wọṣẹ́.

Ẹ ṣẹ́ bébà sefà tó bá kù ní bọ́dà, àmọ́ owó onírin, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín ní Èkó. Tiwa wà nínú agolo Milo lórí fíríìjì, sefà 2,350, ó ti tó owó zémíjáǹ ọjọ́ tá a máa lọ sí Ganvié.